Kí ló dé tí orin tuntun mẹ́wàá fi ń dún bí ẹyọ kan?

Olùbéèrè

Ẹ gbé orin mẹ́wàá tó ń lọ lọ́wọ́ lórí rédíò Èkó àti Ìbàdàn, ẹ má wo orúkọ olórin kankan, kí ẹ máa gbọ́ wọn tẹ̀léra. Bí ẹ bá fi máa dé orí ẹ̀kẹrin, ẹ ò ní mọ ibi tí ẹ̀kẹta parí sí. Ìlù kan náà, bèésì kan náà tó ń ké dùm-gù-dùm, ohùn tí ẹ̀rọ ti lọ̀ kúnná, ọ̀rọ̀ béébì, ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ ìdí. Bẹ́ẹ̀ Haruna Ishola kọ àpàlà, Ayinla Omowura náà kọ àpàlà, ṣùgbọ́n bí èyíkéyìí nínú wọn bá la ẹnu pẹ́rẹ́, ọmọ kékeré á mọ ẹni tó ń kọrin.

Ìbéèrè mi rèé: ta ni ká di ẹ̀bi rù? Ṣé àwọn olórin ló ya ọ̀lẹ, àbí ẹ̀rọ ló fà á, àbí owó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "ayé ti yí padà" dá mi lóhùn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú stúdíò gan-an ni mo fẹ́ gbọ́.

* * *

Onístúdíò

Ẹ jẹ́ ká tú orin kan palẹ̀ bí mẹkáníìkì ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì, ká wo ibi tí ìjọra ti ń wọlé.

Ìyára ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú orin Afrobeats wà láàárín BPM (iye bíìtì ní ìṣẹ́jú kan) 98 sí 108. Bó bá ya sọ́nà amapiano, orin ijó South Africa, á bọ́ sáàárín 110 sí 115. Mi ò rí àléébù nínú ìyẹn. Ẹsẹ̀ oníjó ló ń pinnu ìyára, kò sì sí irú orin ijó tí kò ní ìyára tirẹ̀.

Bèésì tó ń ké dùm-gù-dùm yẹn ni wọ́n ń pè ní log drum. Kì í ṣe ìlù onígi rárá. Ohùn tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ nínú FL Studio (ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe orin) ni, inú ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní FruityDX10 ló wà. Àwọn ọmọ àdúgbò Gauteng ní South Africa ló sọ ọ́ di ọba nínú amapiano, MDU aka TRP sì ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ pé ó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. Lọ́dọ̀ tiwọn, àrà tuntun ni. Wọ́n mú ohùn tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, wọ́n fi bèésì ṣe ìlù tó ń dáhùn ìlù. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ tiwa, kì í ṣe ohùn nìkan la gbà. A gba ọwọ́ tí wọ́n fi ń lù ú mọ́ ọn: ibi tó ti ń já, iye báà (ìdìpọ̀ bíìtì mẹ́rin) tó fi ń dákẹ́, ibi tó ti ń padà bọ̀.

Kọ́ọ̀dù, ìró mélòó kan tó ń dún pọ̀, ló tẹ̀lé e. Ẹni tó bá ń san owó oṣù fún Splice, ìsọ̀ ègé orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lè wá gìtá tí ẹlòmíràn ti ta sílẹ̀, kó yan kíì, kó yan ìyára, kó sì fà á wọ inú iṣẹ́ rẹ̀ kí omi tó hó. Kọ́ọ̀dù mẹ́rin ló sábà máa ń wà níbẹ̀, Am, F, C, G tàbí mọ̀lẹ́bí wọn. Ní BPM 103, báà mẹ́rin jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 9 àti díẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 9 yìí náà ni yóò máa yí po títí orin á fi parí.

Ohùn ló kẹ́yìn. Ọdún 1997 ni Auto-Tune, ẹ̀rọ tó ń fa ohùn olórin bọ́ sórí ìró, jáde. Andy Hildebrand tó ṣe é, iṣẹ́ fífi ìró wá epo rọ̀bì nínú ilẹ̀ ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Retune Speed. Bí ẹ bá fi sí 0, ohùn á máa fò láti orí ìró kan sórí òmíràn lójú ẹsẹ̀, kò ní yọ̀, kò ní wárìrì. Bí ẹ bá fi sí 30 tàbí 40, ó ń fún ọ̀fun láyè díẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ stúdíò, orí 0 tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹnì kan ò sì ní fọwọ́ kàn án.

Ìyára, bèésì, kọ́ọ̀dù, ìwà ohùn. Kí olórin tó wọlé, ọbẹ̀ ti jinná, iyọ̀ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un pé kó wá sí i. Ẹni tó dúró síwájú máìkì láti ìrọ̀lẹ́ di ìdájí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ orin ni ìṣòro wà.

* * *

Ọmọ Agége

Mi ò fara mọ́ ọn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Olórin Yorùbá wo ni kò yá nǹkan rí? Gìtá tó wà nínú jùjú, ojú òkun ló gbà wá. Àkọ́díọ̀nù tí I.K. Dairo tẹ̀ tí gbogbo ayé jó, kì í ṣe Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni wọ́n ti ṣe é. Gìtá onípẹ́dàlì tó wà nínú orin Sunny Ade, orin àwọn daran-daran Amẹ́ríkà ló ti wá. Barrister fúnra rẹ̀ sọ pé ara pátákó ìpolówó Òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan lòun ti rí orúkọ "fújì", bẹ́ẹ̀ inú wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn aláàwẹ̀ ni orin náà ti ṣẹ̀ wá.

Nígbà wọn, ẹ pè é ní ọgbọ́n. Àwọn ọmọ òde òní wá yá log drum, ẹ pè é ní olè. Ẹ ṣàlàyé ìyàtọ̀ rẹ̀ fún mi.

* * *

Onístúdíò

Ìbéèrè gidi ni. Yíyá ọkọ́ yàtọ̀ sí yíyá ebè tí ẹlòmíràn ti kọ.

Ẹ wo gìtá onípẹ́dàlì yẹn dáadáa. Irin kan wà tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí lórí okùn, ẹsẹ̀ ń tẹ pẹ́dàlì nísàlẹ̀, orúnkún ń ti ọ̀pá kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ gbogbo rẹ̀ ni pé kí ìró kan yọ̀ dé orí òmíràn láìjá. Ohun tí ohùn Yorùbá ń ṣe nìyẹn. Nígbà tí Demola Adepoju ta á fún Sunny Ade nínú àwo *Juju Music* ti 1982, gìtá yẹn ń bá gángan sọ̀rọ̀ ni, kò sì sí ẹni tó máa gbọ́ ọ tó máa rò pé orin daran-daran lòun ń gbọ́. Irin iṣẹ́ ni wọ́n yá, àwọn fúnra wọn ló fi kọ ebè.

Log drum náà lè yọ̀. Bí pródúsà kan bá jókòó tì í, tó tò ó sí ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín, ohùn òkè, tó fi ń pa òwe, èmi fúnra mi á pè é ní jùjú tuntun. Àwọn kan ti ń dán an wò, ó sì ń dùn. Àmọ́ bí ẹ bá fa lúùpù (ègé orin tó ń yí po) báà mẹ́rin wọlé tí ohun gbogbo ti wà nínú rẹ̀, ebè ẹlòmíràn lẹ gbin iṣu sí.

* * *

Ọmọ Àyàn

Ẹ̀gbọ́n Onístúdíò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí n gbà á níbẹ̀.

Ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu: *Ọkọ̀ mi ti lọ.* Re dò re re re. Ẹ gbé sílébù kejì sókè, ó di re mí re re re: *ọkọ́ mi ti lọ*, ọkọ́ tí a fi ń roko ló sọnù. Ẹ jẹ́ kó tẹ́jú, *ọkọ mi ti lọ*, ilé ti dàrú. Ẹ mú *owó dé*, re mí mí. Bí ohùn orin bá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ tó sì dúró síbẹ̀ kó tó gòkè lórí *dé*, *òwò dé* lẹ ń kọ. Àwọn tó ń kọ àpàlà, sákárà, fújì, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ló ń bí ohùn orin. Bí gbólóhùn rẹ bá yàtọ̀ sí tèmi, ohùn orin rẹ á yàtọ̀ sí tèmi bí a bá tilẹ̀ ń lu ìlù kan náà. Ìdí nìyẹn tí Haruna kò fi jọ Ayinla.

Ní stúdíò òde òní, bíìtì ló ń kọ́kọ́ dé. Olórin á máa kùn lé e lórí, ná-ná-ná, títí ohùn kan á fi dùn mọ́ ọn létí. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló máa wá ọ̀rọ̀ tí yóò bá ohùn náà mu. Wàhálà dé! Ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ní láárí kò ní gbà. Ó fẹ́ kọ "ìyá mi", ohùn orin ń lọ sílẹ̀ níbi tó yẹ kó gòkè. Kí ló máa ṣe? Á wá ọ̀rọ̀ tí kò ní ohùn tí ẹnikẹ́ni lè bàjẹ́: béébì, yé-yé, òyìnbó díẹ̀, pijin díẹ̀, lámbà. Ẹ ń bi wá pé kí ló dé tí ọ̀rọ̀ gbogbo wọn fi jọra. Àwọn ọ̀rọ̀ tó kù tí ohùn orin yẹn lè gbé láìṣì nìyẹn.

Èyí tó dun onílù jù ni ti lúùpù gángan. Wọ́n ń tà á ní báà méjì-méjì. Ká ní ẹni tí wọ́n gba ìlù lọ́wọ́ rẹ̀ ń sọ pé *Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́*. Dò dò dò mí dò mí dò, báà pé, wọ́n gé e síbẹ̀. Ohun tó kù nínú lúùpù ni *Àgbà kì í wà lọ́jà*. Òwe ti dorí kodò. Ìlù yóò wá máa pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin pé àgbàlagbà kì í sí lọ́jà, olórin ń kọrin ọtí lórí rẹ̀, kò sì mọ̀.

* * *

Ọmọ Agége

Èyí wọ̀ mí létí. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbọ́ ọ ní London tàbí Houston kò gbọ́ èdè gángan. Ṣé ó wá já mọ́ nǹkan kan?

* * *

Ọmọ Àyàn

Ẹni tí kò gbọ́ èdè á ṣì gbọ́ pé onílù ń sọ̀rọ̀. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ kì í tún ara rẹ̀ sọ bákan náà ní gbogbo báà mẹ́rin. Etí ń mọ̀ ọ́n.

* * *

Olùkọ́ Orin

Ọ̀rọ̀ Ọmọ Àyàn yìí ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì ń túmọ̀ orin ìsìn, ohùn orin òyìnbó ló wà nílẹ̀, wọ́n wá to ọ̀rọ̀ Yorùbá lé e. Ọ̀rọ̀ wọ́ jánganjàngan. Ìjọ ń kọ ọ́ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìwé yàtọ̀ sí ohun tí etí ń gbọ́. Àlùfáà J.J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá àgbà Fela, wà lára àwọn tó yí i padà: ó ń ṣe orin tó tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ní 1922, ó kọ wọ́n sórí àwo fún Zonophone ní London. Ìyá-ìlù rẹ̀ ni ahọ́n rẹ̀. Bíìtì tó wà nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé, kò yàtọ̀ sí ìwé orin òyìnbó ìgbà yẹn.

Kí ẹ má sì rò pé àwa nìkan ló ń ṣe. Ní 2012, Joan Serrà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Barcelona fi kọ̀ǹpútà yẹ orin 464,411 wò, láti 1955 sí 2010. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àwọn ọ̀nà tí ìró kan ń gbà tẹ̀lé òmíràn ń dín kù, oríṣiríṣi ohùn ohun èlò ń súnmọ́ ara wọn, ariwo sì ń pọ̀ sí i. Orin àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn ayé ni wọ́n yẹ̀ wò. Kò sí ohùn èdè nínú òdiwọ̀n wọn, nítorí náà apá tó kan wa jù, ohun tí Ọmọ Àyàn ń sọ yìí, kò sí níbẹ̀.

* * *

Alágbàtà Orin

Ẹ ti ń yà lọ sọ́dọ̀ míṣọ́nnárì, owó ń wò yín níran. Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ fún yín.

Lórí Spotify, wọn ò ní ka orin yín sí èyí tí ẹnì kan gbọ́ àfi tí ó bá lo ìṣẹ́jú-àáyá 30 lórí rẹ̀. Láti 2024, orin tí kò bá ní 1,000 ìgbọ́ láàárín oṣù 12 kì í gba kọ́bọ̀ nínú owó pínpín. Ẹ wá wo báà. Ní BPM 100, báà kan jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 2.4. Bí ìlù bá fi báà 16 júbà kí olórin tó wọlé, ìṣẹ́jú-àáyá 38 ti lọ, ẹni tó ń gbọ́ ti fò ó. Nítorí náà báà 4 ni wọ́n ń fi ṣí i, ègbè ló sì ń kọ́kọ́ wọlé. Báà 4 fún ìṣíde, ègbè 8, ẹsẹ̀ kìíní 16, ègbè 8, ẹsẹ̀ kejì 16, ègbè 8, ìparí 4. Ó di báà 64, ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 34. Ẹ lọ wo gígùn àwọn orin tó ń lọ lọ́wọ́, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò jìnnà síbẹ̀. Ilé kan náà ni gbogbo wọn ń kọ́, ọ̀dà ara ògiri nìkan ló yàtọ̀.

* * *

Ọmọ Agége

Alágbàtà, mo gbà pé ìṣirò yín péye, ṣùgbọ́n kíkúrú orin kọ́ ló pa á. Tunde King tó ń kọ jùjú sórí àwo Parlophone ní 1936, ojú àwo ìgbà yẹn kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ìgbà tí àwo ńlá dé, tí ojú kan ń gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, ni Obey àti Sunny rí àyè láti máa kọ ọ́ lọ láìdúró, tí Fela náà sì ń fi orin ẹyọ kan kún ojú kan. Gígùn orin, ohun tí wọ́n ń kó orin sí ló ń pinnu rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Tunde King fi ìṣẹ́jú mẹ́ta dá yàtọ̀.

* * *

Alágbàtà Orin

Ó dáa, mo gba ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: kì í ṣe gígùn, ẹ̀rù ìṣẹ́jú-àáyá 30 àkọ́kọ́ ni. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kì í dán nǹkan tuntun wò lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí etí ti mọ̀ ló máa kó síbẹ̀, log drum, lúùpù gìtá, kí ẹni tó ń gbọ́ má bàa fò ó.

Nǹkan kan wà tí àwọn ọmọ kì í mọ̀ títí yóò fi kan wọ́n lójú, ó sì kan ọ̀rọ̀ yìí gbọ̀ngbọ̀n. Bíìtì tí ẹ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní owó pọ́ọ́kú, lílò ni wọ́n tà fún yín, ẹ ò ra bíìtì náà. Ẹni tó tà á lè ta á fún ogún ènìyàn míì. Ẹ ka ìwé àdéhùn dáadáa, ẹ wá ibi tó ti sọ bóyá ẹ̀yin nìkan lẹ ni ín àbí ẹ̀yin àti àwọn ẹlòmíràn, ẹ wá iye ìgbọ́ tí wọ́n gbà yín láyè dé kí ẹ tó gbọ́dọ̀ san owó míì. Lúùpù Splice náà rí bẹ́ẹ̀: ẹ lè lò ó nínú orin yín láìsan owó míì, ṣùgbọ́n ẹ ò ní in. Bí ẹ bá wá gbé orin náà sínú Content ID, ẹ̀rọ tí YouTube fi ń dá orin mọ̀, ẹ̀rọ náà á gbọ́ gìtá kan náà nínú orin ẹlòmíràn, á ní ẹni yẹn jí tiyín. Òun náà á gbé tirẹ̀ sí i, á ní ẹ̀yin lẹ jí tòun. Owó á há sáàárín. YouTube sọ ọ́ gbangba pé ohun tí ẹ nìkan ṣoṣo ní ẹ̀tọ́ sí nìkan lẹ lè gbé síbẹ̀.

Òfin kò dáàbò bo àṣà orin. Kò sí ẹni tó ni BPM 103 tàbí Am, F, C, G. Ohùn orin tí ẹ ṣe, ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ, àti àwo tí ẹ gbà sílẹ̀ ni òfin ń ṣọ́. Nígbà tí ohun tó jẹ́ tiyín gan-an nínú orin kò bá ju àwọn ọ̀rọ̀ lámbà mẹ́jọ lọ, kí lẹ fẹ́ kí òfin bá yín ṣọ́?

* * *

Olùbéèrè

Mo ti ń rí ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ọmọ tó ní kọ̀ǹpútà kan, máìkì kan, tó sì lè pe onílù kan fún ọ̀sán kan ṣoṣo, kí ni kó ṣe? Ẹ má sọ fún un pé kó lọ kó ẹgbẹ́ olórin méjìdínlógún jọ.

* * *

Onístúdíò

Kó má ṣí bíìtì kankan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Fóònù tó.

Kó sọ gbólóhùn tó fẹ́ fi ṣe ègbè sínú fóònù, bí ẹni ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, nígbà márùn-ún. Kó tún un gbọ́, kó kọ dò re mí rẹ̀ sábẹ́ sílébù kọ̀ọ̀kan. Ohùn orin ti wà níbẹ̀. Kò pọn dandan kí dò, re, mí jẹ́ ìró mẹ́ta péré. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ibi tó ti ń gòkè àti ibi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Re lè ga lónìí, kó wálẹ̀ ní gbólóhùn tó tẹ̀lé e, bí a ti ń ṣe lẹ́nu náà nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni kó wá kọ́ọ̀dù sábẹ́ ohùn náà, á sì rí i pé kọ́ọ̀dù mẹ́rin tó ń yí po kò ní bá a mu dáadáa. Méjì lè tó. Ẹyọ kan náà lè tó, bèésì lásán tó dúró síbi kan lábẹ́ ọ̀rọ̀.

Tó bá kan onílù: ẹ jẹ́ kó lu ohùn mẹ́ta gángan rẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀rọ ìyẹ̀wò ìró wo ibi tí ohùn àárín bọ́ sí. Kò ní bọ́ sórí ìró dùrù géérégé. Ó lè wà láàárín A àti A♯. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á fi ẹ̀rọ fa ìlù lọ bá dùrù. Orin ni kí ẹ gbé lọ bá ìlù. Ẹ fi cents 30 tàbí 40 (ọgọ́rùn-ún cents ló wà láàárín A àti A♯) gbé gbogbo dùrù sókè, ó parí. Máìkì kó jìnnà sí awọ tó 40 sẹ̀ǹtímítà, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má kọjú sí ibi tí kọ̀ǹgọ́ ti ń balẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìró pá-pá ni ẹ ó gbà, ohùn ọ̀rọ̀ á sọnù. Ẹ fi aṣọ ìbora méjì kọ́ ẹ̀yìn onílù, torí yàrá kékeré máa ń hó sí ohùn ìsàlẹ̀.

Auto-Tune: ẹ lè lò ó, mi ò bá a jà. Ẹ fi Retune Speed sí 25 sí 40. Ẹ pa á níbi tí ohùn ti ń yọ̀, irú *ìyá*, irú *rárà*. Ibi tí ó ti máa ń ba Yorùbá jẹ́ nìyẹn, torí ó ń gé ìyọ̀ náà sí àtẹ̀gùn.

Ẹ sì máa fún onílù ní tíkì-tíkì, aago tó ń ka ìyára, létí, kí ohun gbogbo lè bára mu.

* * *

Ọmọ Àyàn

Gbogbo rẹ̀ ni mo gbà, àyàfi tíkì-tíkì. Bí ẹ bá fi aago sétí ìyáàlù, ẹ ti sọ ọ̀gá di ọmọọṣẹ́. Ìyáàlù kì í tẹ̀lé, òun ni wọ́n ń tẹ̀lé. Bó bá fẹ́ pa òwe tó gùn, ó ń fa ìgbà díẹ̀, ó ń dá a padà.

* * *

Onístúdíò

Bí kò bá sí aago, mi ò lè gé, mi ò lè lẹ̀, DJ ò sì lè fi orin náà so mọ́ òmíràn. Orin ijó la ń ṣe.

* * *

Ọmọ Àyàn

Ẹ jẹ́ ká pàdé láàárín. Ẹ fún gúdúgúdú tàbí omele ní aago, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti dúró gbọn-in. Ẹ gbà á sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ẹ pa aago, kí ìyáàlù gbọ́ omele nìkan létí. Yóò wà lórí ìyára yín, ṣùgbọ́n ènìyàn ló ń bá jó. Bí ẹ ò bá ní omele, ẹ fi agogo lu konkolo, ìró atọ́nà tó ń yí po, dípò tíkì-tíkì. Agogo ń sọ ibi tí a dé nínú orin fún onílù, tíkì-tíkì ń ka nọ́ńbà lásán.

Ẹ má sì fa gbogbo ìlù wọ orí ìlà. Ní BPM 103, ìdámẹ́rin bíìtì kan jẹ́ nǹkan bí 146 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó pẹ́ dé ní 15 nínú ẹgbẹ̀rún kò ṣì rárá, ibẹ̀ ni ìdí oníjó ti ń gbọ́ ọ. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ tò ó sórí ìlà ní 100 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yín á dún bíi ti gbogbo ayé.

* * *

Onístúdíò

Mo gba ti omele. Ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, mo máa ń dá a dúró sí 50, ìlù bèésì nìkan ni mo ń tò pé pérépéré.

* * *

Olùkọ́ Orin

Ẹ ẹ̀ tíì mẹ́nu kan ègbè, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ìjọra ti ń farapamọ́ jù. Ẹnì kan á kọ ègbè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á dà á kọ sí mẹ́fà, wọ́n á fi Auto-Tune nà án, wọ́n á wá lẹ báà mẹ́jọ yẹn sí ibi mẹ́ta nínú orin. Ohùn mẹ́fà tó ti inú ọ̀fun kan jáde nìyẹn. Ẹ pe ènìyàn mẹ́rin, tó fi mọ́ ẹni tí ohùn rẹ̀ ò dùn púpọ̀. Kí wọ́n yí máìkì kan ká, kí ẹni tó ń lé orin dúró síwájú wọn kí wọ́n máa rí ẹnu rẹ̀. Ẹ gba ègbè kìíní, ẹ gba èkejì lọ́tọ̀, ẹ gba ẹ̀kẹta lọ́tọ̀. Ní ẹ̀kẹta, ẹnì kan nínú wọn á ti rẹ̀, òmíràn á ti gbóná, á fi "ẹ̀ẹ́n" kan kún un tí kò sí nínú ìwé. Ẹ má gé e kúrò.

* * *

Olùbéèrè

Ọmọ náà ti ń ka gbogbo èyí. Ó ní gbólóhùn ègbè òun ni *Ọ̀nà jìn, ẹsẹ̀ mi kò tíì rẹ̀*. Ẹ bá a wo dò re mí rẹ̀.

* * *

Ọmọ Àyàn

Dò dò dò, re dò re dò mí dò dò. Mẹ́ta àkọ́kọ́ wà nísàlẹ̀ pátápátá, mí ẹyọ kan ló wà níbẹ̀, orí *tíì* ló sì bọ́ sí, lẹ́yìn rẹ̀ ó wó lulẹ̀. Kó má ṣe gbé *rẹ̀* sókè ní ìparí, bó ti wù kó dùn létí tó. Kó fi ibi tó ga jù nínú orin náà pamọ́ fún *tíì*.